Bàbá Gúnrégé Lọ Wo Àwòrán

Lọ́dọọdún, tí ooru bá ti mú, àwọn ilé àtijọ́ ìlú wa máa ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ìpàtẹ àwòrán. Àwọn àlejò á máa bi wá èyí tó yẹ káwọn lọ wò. Ọkọ mi ló ń kan férémù fún èyí tó ju ìdajì nínú àwọn àwòrán náà, síbẹ̀ kò dé ibi ìpàtẹ kankan rí. Ó ní òun ti rí wọn tán ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Gúnrégé làwọn oníbàárà ń pè é, torí pé tí igi bá fi bíńtín wọ́, oorun ò ní kùn ún.

Ohun tó gbé mi dìde lọ́dún yìí kì í ṣe àwòrán. Ọmọ wa obìnrin ló fi iṣẹ́ bàbá ẹ̀ sílẹ̀ tó lọ ń fi ọ̀dà ya àwòrán. Láti ọdún méjì, ìkíni nìkan ló kù láàárín àwọn méjèèjì. Ní báyìí wọ́n ti gbé àwòrán ẹ̀ kọ́, ó sì sọ fún mi pé tí bàbá òun ò bá wá wò ó kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ò ní wálé mọ́. Ẹni bí ni là á jọ. Agídí wọn dọ́gba, inú àwọn méjèèjì sì ń bí mi.

Mi ò bá ọkọ mi jiyàn. Mo ní àwọn ilé olókùúta yẹn tutù, kó jẹ́ ká lọ sá fún ooru.

Ilé adájọ́ àtijọ́ la kọ́kọ́ dé. Àwòrán òkun ló kún ibẹ̀. Èmi ń wo ìgbì, òun gbé ojú ti igun férémù.

“Ta ló kan eléyìí? Igun ẹ̀ lanu.”

“Bàbá wọn, ẹ wo omi.”

“Mo ti rí omi.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀ṣọ́ ní kó sún sẹ́yìn.

Ìkejì wà ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọn ò lò mọ́. Ìyá arúgbó kan wà nínú àwòrán níbẹ̀ tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọkọ mi jókòó síwájú ẹ̀, kò tiẹ̀ rántí férémù. “Ìyá yìí ò ríran dáadáa mọ́,” ló wí, “ṣùgbọ́n kò juwọ́ sílẹ̀.” Ìgbà yẹn lọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìkẹta ni tọmọ wa, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì nígbà kan. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kí wa, kò sún mọ́ wa. Tábìlì iṣẹ́ ló yà: ayùn kan lórí ẹ̀, pẹ́ńsùlù kan, àti bébà tí wọ́n ká sábẹ́ ẹsẹ̀ kan kó má baà mì. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn tí Bàbá Gúnrégé ti ń ki bébà sábẹ́ tábìlì ara ẹ̀, tó ń sọ pé lọ́la lòun máa tún un ṣe.

Ó rí bébà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

“O tú àṣírí mi.”

Lẹ́yìn náà ló ti àtàǹpàkò bọ igun férémù. Ó wù mí kí n já a léèékánná.

“Ta ló kan eléyìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó yẹ̀.”

Ọmọ mi wolẹ̀.

“Àwòrán mélòó ló kù nílé ẹ?”

“Mẹ́sàn-án.”

“Kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Irú iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ wà nínú férémù wíwọ́.”

Ọmọ náà wá sún mọ́ wa. “Tí mo bá dé, màá bá yín tún ẹsẹ̀ tábìlì yẹn ṣe.”

“Fi í sílẹ̀,” ni bàbá ẹ̀ wí. “Tí a bá tún un ṣe, àwòrán ẹ á di irọ́.”