Ibi Ọmọ Tó Ṣẹ́kù

Saidat ṣe àyẹ̀wò oyún ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Ìlà méjì jáde. Ó fi han Fàósátù, ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó ti Mushin wá tọ́jú rẹ̀ ní Àgùdà.

“Ẹ wò ó, Màmá. Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Fàósátù kò bá a yọ̀, kò sì bá a jà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

“Wọ hìjáàbù rẹ. À ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Yaba.”

“Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?”

“Mo gbà pé o rí ìlà méjì. Ara rẹ tó ń jó bí iná yìí ni mi ò gbà fún.”

Ní Yaba, Dókítà Aneesah yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.

“Àyẹ̀wò yẹn kò parọ́, mà. Púrótéènì oyún kan ló rí nínú ìtọ̀ yín. Àmọ́ ọmọ kọ́ ló ń ṣe é. Ibi ọmọ ni. Ọmọ ti lọ, díẹ̀ nínú ibi ọmọ ṣẹ́kù, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.”

“Kò mọ̀ pé ọmọ ti lọ?” Saidat béèrè.

“Kò mọ̀, mà. Ó sì ti ń bàjẹ́ sí yín nínú. A gbọ́dọ̀ kó o kúrò lónìí, kó má baà gba ẹ̀mí yín.”

Saidat fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló kù tó ń bá mi retí ọmọ yẹn.”

Fàósátù ló fèsì.

“Òun nìkan kẹ̀? Èmi ń kọ́? Gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ìyá ọkọ mi ri ibi ọmọ Muadh, ọkọ rẹ, mọ́, Muadh tí orí ràbàtà rẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí! Wọn ò ní da tìrẹ sáàtàn. Èmi fúnra mi ni màá gbà á, màá sì rì í síbẹ̀.”

“Bíi ti ọmọ tó dé?”

“Ṣé kì í ṣe ọmọ-ọmọ mi ni?”

Saidat rẹ́rìn-ín nítorí orí ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Nígbà tí ó sunkún tán, ó gbé ọwọ́ kúrò ní ikùn.

“Ẹ kó o kúrò, Dókítà.”

Wọ́n ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Muadh gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé náà, ìyá rẹ̀ ri ibi ọmọ náà mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ibà fi Saidat sílẹ̀. Ó yè.