Ẹni tí Kànga Dá Padà

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé èyí tí Ọbabìnrin ìlú Òyìnbó wá kí wa, ẹni tó bá ní òun gbàgbé ẹ̀, kò sí ní Muṣin nígbà náà ni. Oṣù kẹta parí, ẹ̀kán òjò kan kò sí. Oṣù kẹrin dé, ó tún lọ, ojú ọ̀run funfun bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ilẹ̀ gbóná débi pé ẹsẹ̀ kan ni adìẹ fi ń dúró, wọ́n ń sinmi èkejì. Ẹ̀rọ omi ìjọba kò kọjá ìhà Yábàá, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ ní ìdájí, àwọn tó máa bá lórí ìlà á mú kó fẹ́ sunkún. Àwọn tó ń pa á lówe pé omi kò lọ́tàá, ì bá dáa kí wọ́n wá wo àwọn obìnrin tó ń fi garawa lu ara wọn nídìí ẹ̀rọ yẹn.

Kànga kan ṣoṣo ló wà ní ilé Ìyá Àrìnpé, ó sì ti gbẹ. Arúgbó ni Ìyá Àrìnpé, òun ló ni ilé, ìdílé mẹ́sàn-án ló ń háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ méjì ti kú nínú ilé náà. Ooru ló pa wọ́n. Ara wọn gbóná, gìrì mú wọn, ó parí. Èyí ló ń ba Fàósátù lẹ́rù, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Sàúdátù, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ti ń gbóná janjan láti ìjẹta. Ooru ti sú bo gbogbo ẹ̀yìn ọmọ náà. Kò sunkún mọ́, ó kàn ń la ẹnu bí ọmọ ẹyẹ ni.

Bí ẹnì kan bá máa rí omi fún ọmọ yìí, bàbá rẹ̀ ni. Agbẹ́kànga ni Ọ̀ṣẹ́nì, aláwàdà ọkùnrin, tí kì í dákẹ́ kódà bí òkèlè bá wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun á máa gbẹ́ kànga náà lọ títí òun á fi bá omi, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé àwọn Òyìnbó lòun máa yọ sí. Òun àti àbúrò rẹ̀, Ṣítù, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀ṣẹ́nì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú dígà, Ṣítù wà lókè pẹ̀lú okùn, okùn yẹn ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fa garawa sókè ni. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jáde. Wọn kì í pe orúkọ. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún wọn pé a kì í pe orúkọ èèyàn sínú kòtò, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni orúkọ náà. Ọ̀ṣẹ́nì a máa fi ìkìlọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, àmọ́ kò dán an wò rí.

Ọjọ́ kẹrin iṣẹ́ náà, oòrùn kan àtàrí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, ajá kò gbó. Lójijì ni ọmọ náà gan, ẹyinjú rẹ̀ yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fàósátù gbá a mọ́ àyà, ó sáré dé ẹnu kànga.

"Bàbá Sàúdá! Ẹ jáde o! Bàbá Sàúdá!"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ṣítù ní ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti fa okùn kẹ́yìn. Ojú Fàósátù ṣókùnkùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé ọkọ, orúkọ ọkọ rẹ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, nítorí ìyàwó tó ní ẹ̀kọ́ wo ló ń pe ọkọ lórúkọ? Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé kọ́ ló máa kọ́kọ́ rántí.

"Ọ̀ṣẹ́nì!" ló ké. "Ọ̀ṣẹ́nì o!"

Ṣítù fò dìde. "Ìyàwó, má pè é! Ọ̀gá ní a kì í pe..."

"Hùn," ni ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀. Okùn sì fà lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣítù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ tó máa ń mú un làágùn yọ̀bọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọjọ́ yìí: okùn náà fúyẹ́ bíi pé garawa òfìfo ló wà nídìí rẹ̀. Orí yọ, èjìká yọ, ọkùnrin náà tẹ ilẹ̀. Erùpẹ̀ kankan kò sí lára rẹ̀, kò sì làágùn. Ṣítù na ọwọ́ dì í mú, ó tún yára fà á padà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ tutù báyìí?"

Ọkùnrin náà kò wò ó. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Fàósátù, ó gbé e lé àyà, gìrì náà sì dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Sàúdátù mí kanlẹ̀, ó sùn. Kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń sun nísàlẹ̀ kànga. Omi ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ilé ti ń pọn ọ́n, wọ́n ń jó, wọ́n ń pe Ọ̀ṣẹ́nì ní olóore. Ṣítù nìkan ni kò jó. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá òun ní Yábàá, kò sì wẹ̀yìn.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkùnrin tó jáde yìí kò jẹun, kò mu omi, kò ṣàwàdà. Orí àpótí nínú yàrá ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gbogbo yàrá náà sì tutù nini bí inú àmù. Ìta ń jó, inú ilé tutù. Àwọn ayálégbé tí kì í fẹ́ gbọ́ ohùn Ọ̀ṣẹ́nì tẹ́lẹ̀ wá ń wá kí i lọ́sàn-án. Wọ́n á kí i, kò ní dáhùn, wọ́n á sì jókòó pẹ́. Kí a má purọ́, Fàósátù náà ń sún mọ́ ọn. Ara rẹ̀ bù máṣọ, ẹ̀rù bà á, ó ṣì ń sún mọ́ ọn, nítorí ara tó ti jóná kì í bi òtútù pé níbo lo ti wá.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, òun nìkan ló wà nídìí kànga. Ó ju garawa sílẹ̀, okùn sì fà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé ó há ni. Ó tún fà lẹ́ẹ̀mejì. Fàósátù dojú bolẹ̀, ó ki orí bọ ẹnu kànga. Ẹnì kan wúkọ́ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì mọ ikọ́ náà.

"Ìyá Sàúdá," ni ohùn tínrín kan wí, "ṣé o ti gbàgbé mi síbí ni? Omi ti dé orúnkún mi. Àbí o ti fẹ́ ọkọ mìíràn?"

Fàósátù kò mọ bó ṣe dé yàrá. Ọkùnrin náà jókòó síbi tó wà, ọmọ ń sùn láyà rẹ̀.

"Ta ni ọ́?"

"Ìwọ lo pè mí."

"Ọkọ mi ni mo pè!"

"Èmi ni mo dáhùn," ló wí, láìbínú. "Okùn nìkan kò lè fà á jáde. Lọ pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i bí o bá fẹ́. N kò ní dá ọ lóhùn níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ṣì ń ràn, òun á sì jáde. Èmi á padà síbi tí mo ti wá, omi á bá mi lọ." Ó wo ọmọ náà. "Òtútù náà á bá mi lọ."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àrìnpé ló sá lọ. Arúgbó náà ń da omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àga, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ adùn. Ó gbọ́ ọ dópin, kò sì yà á lẹ́nu.

"Àlùjọ̀nnú ni," ló wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde. Ẹni tí mo gbà síbí láti ọdún méje, ṣé n kò ní mọ̀ ọ́n ni? Ṣùgbọ́n ọmọ méjì la ti sin nínú ilé yìí, Fàósá. Àgbàlagbà lẹni tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ó lè fara dà á. Sàúdá ò lè fara dà á. Jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Kí ooru rọlẹ̀, kí ewu kúrò lórí ọmọ, kó o wá pè é."

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bú u nínú. Kí wọ́n gbé ọmọ tó ń gan lọ́wọ́ ná, kí wọ́n tó bú èèyàn.

Fàósátù padà sídìí kànga. Kò pe orúkọ. "Bàbá Sàúdá," ló wí, "ọmọ yín ni o. Bí mo bá pè yín nísinsìnyí, ooru á pa á. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, n ó pè yín."

Ohùn náà gòkè wá láti ìsàlẹ̀. "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun."

Okùn fà lẹ́ẹ̀kan. Kó fa garawa ni. Fàósátù fà á, ó kún dẹ́nu, ó sì sunkún lé e lórí títí dé yàrá.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń sọ ẹ̀kọ àti àkàrà kalẹ̀ nínú garawa, ewé ẹ̀kọ á sì padà wá ní ṣíṣẹ́po lọ́nà mẹ́rin, bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ po. Àwàdà náà ń dín kù. Nígbà tó yá, kò béèrè ju ohun méjì lọ: "Sàúdá ńkọ́? Òjò ńkọ́?" Sàúdá ti ń sanra. Ó ti ń rìn, ó ti ń tẹ̀lé ọkùnrin orí àpótí náà kiri, ó ń pè é ní Bàbá. Ìyẹn ni Fàósátù kò sọ fún un.

Ní ọjọ́ kejìlá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ojú ọ̀run ṣú láti ìhà òkun. Atẹ́gùn gbé eruku, ẹ̀kán àkọ́kọ́ balẹ̀ pẹ́ẹ́, ni gbogbo Muṣin bá hó yèè. Ọmọdé bọ́ra sílẹ̀, àgbà sáré jáde tìkòkò-tìkòkò. Ẹni tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti jẹ níyà kì í jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ ṣòfò. Fàósátù náà gbé garawa sábẹ́ òrùlé, ó gbé àmù, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀, ó gbé agbada, kódà ó gbé ife. Ó gbójú sókè, ó la ẹnu, òjò ń wọ ọ́ lẹ́nu, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìgbà tí àwo tán nílé ló tó rántí.

Ó yíjú padà. Omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá. Ilẹ̀ Muṣin tẹ́jú, kò mọ ibi tó máa da omi sí, Ọ̀ṣẹ́nì sì ti wó ẹnu kànga kó lè ráyè ṣiṣẹ́. Gbogbo àgbàrá ilé náà àti ti ilé kejì ló dorí kọ ibẹ̀, ó ń wọlé wìì, ó pupa bí epo. Fàósátù já lu ẹrẹ̀. Ó rí okùn mú, okùn náà sì fà lẹ́ẹ̀mejì, ó fà débi tó bó o lọ́wọ́. "Ẹ gbà mí o!" Òjò orí páànù gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu, gbogbo èèyàn wà nídìí ìkòkò wọn. Ó fà á títí èékánná rẹ̀ fi ya. Ìgbà tó yá, okùn náà fúyẹ́. Omi ti bá ẹnu kànga dọ́gba, oòrùn kò sì sí lójú ọ̀run.

"Ọ̀ṣẹ́nì!" ló ké sínú omi náà. "Ọ̀ṣẹ́nì o!"

"Hùn," ni ohùn kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọmọ wà lápá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín Ọ̀ṣẹ́nì gan-an ló sì rín.

"Ìyá Sàúdá, wọlé," ló wí. "Òtútù ń mú ọmọ."

Fàósátù rìn lọ bá wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba ọmọ rẹ̀. Ètè Sàúdátù ti dúdú, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ṣùgbọ́n kò gbà kó gbé òun. Ó fi ojú pa mọ́ sí ọrùn bàbá rẹ̀, ó dì mọ́ ọn pinpin.