Àwo Gíláàsì Tó Bo Olú Pupa

Ìyá Ṣìkẹ́mi kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìbò. Bó ṣe máa ń dé ìkòkò ọbẹ̀ lábúlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dé gbogbo nǹkan nílé ọmọ rẹ̀ ní Dacula, l'Amẹ́ríkà, títí kan ife tí omi ti tán nínú ẹ̀. Nígbà tí òun àti Ẹ̀bùnolúwa ọmọ ọmọ rẹ̀ wá rí olú pupa lórí igi jíjẹrà lẹ́yìn ilé, tí ọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ wá sí kíṣìnì, àwo gíláàsì ni Màmá fi dé e.

Olú ọ̀hún rí bí ife kékeré, inú rẹ̀ pọ́n bí ata rodo. Báyọ́lọ́jì ni Ẹ̀bùnolúwa ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní West End.

"Grandma, color nìkan ò tó o. Oríṣi méjì ló wà tó pupa báyìí. Àfi kí n wọn spores ẹ̀, àwọn hóró tó fi ń bímọ. Ti ọ̀kan gùn, ti èkejì kúrú. Lọ́la ni mo máa mú un lọ sí club wa, ẹgbẹ́ àwa tá a máa ń wá olú kiri. Orúkọ yín ni mo máa kọ sára ẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ rí i."

"Orúkọ tèmi? L'Amẹ́ríkà?" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ Sunday ló ń padà sílé. Ó wù ú kí nǹkan kan ṣẹ́kù síbí tó ń jẹ́ orúkọ òun.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ṣì ń sùn. Màmá ṣí abọ́, ó rí iyanrìn lára olú. Ṣé irú èyí la máa gbé síwájú èèyàn? Ó rẹ ẹ́ sómi iyọ̀, ó fọ̀ ọ́ ní àfọ̀tán, ó fi omi gbígbóná ṣàn án, bó ti máa ń ṣe olú oko.

"Grandma! Ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"Ó dọ̀tí ni, ọkọ mi."

"Àwọn hóró ẹ̀ ti bá omi lọ nìyẹn!"

Ẹ̀bùnolúwa gé díẹ̀, ó fi sábẹ́ maikirosikóòpù rẹ̀. Kò rí nǹkan kan àfi jákujàku. Kò bú Màmá, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ìyẹn ló wá dun Màmá ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ. Ó dìde, ó ń palẹ̀ mọ́, ó sì gbé àwo gíláàsì sókè.

"Èyí náà rèé. Wo abẹ́ ẹ̀, àfi bí ẹni da àtíkè sí i. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ fún yín yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an?"

"Ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ọmọ náà ti fò dìde. "Òkè ni olú yẹn máa ń tu hóró ẹ̀ sí. Ara àwo yín ni wọ́n lẹ̀ mọ́!"

Ó rọra ha díẹ̀ kúrò, ó kán omi sí i, ó fi ìwọ̀n inú maikirosikóòpù wọ̀n ọ́n.

"Wọ́n gùn! Grandma, èyí tó gùn ni! Ẹ wá wò ó."

Màmá tẹjú mọ́ ọn. Àwọn hóró náà sùn kalẹ̀ bí ìrẹsì, wọ́n ń dán.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ó kí wọn. "Ẹ mà pọ̀ o."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ṣìkẹ́mi, ìyá Ẹ̀bùnolúwa, fi ti shift dé, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó gbé àwo, ó kọrí sídìí ẹ̀rọ omi. Màmá gbá a lọ́wọ́.

"Gbé e kalẹ̀! Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́? Orúkọ mi wà níbẹ̀."