Ohun Tí Ọba Gbé Léjìká

Ní ìlú Aranvayal, bí òkú bá wà ládùúgbò tẹ́ńpìlì, ilẹ̀kùn òrìṣà kì í ṣí. Àwòrò kì í tan fìtílà, agogo kì í dún, títí wọn yóò fi gbé òkú náà jáde, tí wọ́n á sì fomi fọ ojú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i. Àmọ́ òfin tó rọrùn lọ́jọ́ lásán, ẹ jẹ́ kó bọ́ sọ́jọ́ ọdún, ẹ ó rí i pé eegun wà nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò fi okùn wọ́ kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé Ìyá Ulagamma, òrìṣà wọn, yí ìlú ká, Pechimuthu gbé kọfí wọlé fún ìyá rẹ̀. Ó bá a tó ti tutù. Ojú oorun ni Vellathai gbà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi tọmọdé.

Iṣẹ́ ìdílé Pechimuthu ni kí wọ́n máa fi ìtì igi há ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ òrìṣà. Kẹ̀kẹ́ náà ga ju ilé alájà méjì lọ, kò sì ní bíréèkì. Igi ọwọ́ Pechimuthu ló ń dá a dúró, òun náà ló ń darí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Sornam ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó wojú ìyá, ó wojú ọkọ, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Mayil, ta ló ti mọ̀?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Ìyá sùn pẹ́ lónìí, ṣé èèwọ̀ ni?" Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Èrò ti kún ìta. Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á máa nàka sí wa títí ayé: ilé tó ba ọdún jẹ́ rèé."

Pechimuthu fa aṣọ bo ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìtàn ìyá rẹ̀ ló ń rò. Gbogbo Aranvayal ló mọ̀ pé ní ọdún àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ náà kọ̀, kò mì. Erin fà á, okùn já. Àfìgbà tí ọba ṣí adé, tó gbé ìdì ìrèké léjìká wá fún Ìyá Ulagamma, ni kẹ̀kẹ́ tó gbéra. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òpó tẹ́ńpìlì: erin, ọba, àti ohun gígùn léjìká rẹ̀.

Vellathai máa ń rẹ́rìn-ín sí i. "Ìrèké kẹ̀? Ṣé Ulagamma ò ríkan jẹ ni? Alágbàṣe tó ń ru òkúta tẹ́ńpìlì ló kú, kò léèyàn. Wọ́n fẹní wé e, wọ́n ní kó dúró dẹ̀yìn ọdún. Òkú yẹn lọba gbé. Ìgbà tó sun ún tán létí odò, tó padà dé, ọmọdé lásán ló fa kẹ̀kẹ́."

Pechimuthu jáde. Ó bá Kumaravel, olórí ìlú, nídìí kẹ̀kẹ́, aṣọ ọlá tẹ́ńpìlì léjìká rẹ̀.

"Pechi! Ṣé o tún ń bá ìyàwó ṣeré ni? Igi ẹ dà?"

"Bàbá, ìyá mi ti kú."

Kumaravel káwọ́ lérí. "Vellathai! Kò gbà fún mi rí láyé rẹ̀, ọjọ́ ọdún ló tún wá yàn!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló gbọ́? Lọ gbé igi ẹ wá, jàre."

"Igi tí mo bá firọ́ gbé, Bàbá, ẹsẹ̀ ta ni kẹ̀kẹ́ máa gùn?"

Àwòrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ti gbọ́. Ó gbé agogo sílẹ̀, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"A rìn látàná!" obìnrin kan pariwo. "Ṣé ká wá wo ilẹ̀kùn ni?"

"Ìgbà wo ni wọ́n á gbé e jáde?" Kumaravel béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Mumbai. Èèyàn mi ò pọ̀. Bóyá lọ́la."

"Ọ̀la! Ọdún ti bàjẹ́ nìyẹn!"

"Bàbá, ohun tó wà léjìká ọba yẹn, kì í ṣe ìrèké."

"Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni."

Kumaravel wo òpó náà títí, bí ẹni tí kò rí i rí. Ó bọ́ aṣọ ọlá, ó fi lé àwòrò lọ́wọ́. "Mo ti wẹ̀ láàárọ̀," ó ní, "màá tún wẹ̀. Omi ò wọ́n." Ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fa okùn, ẹ kọ́kọ́ wá gbé òkú!"

Wọ́n gbé e. Pechimuthu tiná bọ igi tí wọ́n fi sun òkú ìyá rẹ̀ létí odò, bí àṣà wọn. Àwọn tó gbé òkú wẹ̀, wọ́n fọ ojú ọ̀nà, agogo dún. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n fa okùn, tí kẹ̀kẹ́ sì gbéra.

Pechimuthu jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, orí rẹ̀ ti di fífá. Kẹ̀kẹ́ kì í dúró níwájú ilé ọ̀fọ̀. Ó rí i tó ń bọ̀, Kumaravel fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó gbá ìtì igi mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ fi sósì, Bàbá! Ẹ má há a! Ẹ kàn fi tọ́ ọ ni!" Pechimuthu ké.

Kumaravel ti igi náà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ pátápátá. Kẹ̀kẹ́ kérora, ó dúró gbọn-in síwájú ilé Vellathai, òdòdó sì ń já bọ́ láti orí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Igi yìí ló kọ̀," Kumaravel ní, ó ń làágùn. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Bàbá," Pechimuthu ní. "Kò sí ìkánjú."