Ìfẹ́ Tó Wá Nínú Agolo

Bí ìfẹ́ bá ń pa ènìyàn bí ẹmu ni, àwọn ará Òkukù ì bá ti gbé Kíkẹ́lọmọ nílẹ̀ láìmọye ìgbà lọ́dún 1957. Ọkọ rẹ̀, Oyèwálé, ló ń pa á. Tíṣà ni Oyèwálé ní Ìkìrun, ọkùnrin gíga, adúmáadán, tí ohùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ bí ó bá fẹ́ pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Kò tíì ju ọdún méjì lọ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ìfẹ́ náà ṣì ń hó lórí iná.

Ọmọ ló mú kí olólùfẹ́ méjì máa gbé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí Kíkẹ́lọmọ bí Adéjàre, àkọ́bí wọn, ìyá rẹ̀ wá láti Òkukù, wọ́n di ẹrù rẹ̀, wọ́n sì mú òun àti ọmọ lọ sílé. Ìyá Òkukù ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá yìí. Irú ni wọ́n ń ṣe tà, òórùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú wọn wọlé. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn nìyẹn: abiyamọ kì í sún mọ́ ọkọ títí ọmọ rẹ̀ yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú. Wọ́n gbà pé bí ọkọ bá ti dé ibẹ̀, omi ọmú á bàjẹ́, ọmọ á sì máa ṣàìsàn. Ó lè gba ọdún méjì, ó lè gba mẹ́ta. Ṣé ẹ mọ bí ọdún méjì ti gùn tó lójú ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní Ìkìrun?

Gbogbo Sátidé ni Oyèwálé ń wọ rélùwéè wá kí wọn. Ìyá Òkukù á gbé àpótí wọn sáàárín tọkọtaya, wọ́n á máa ṣa pàǹtí kúrò lára irú.

"Tíṣà, ọkọ mi, sún sọ́hùn-ún díẹ̀," wọ́n á wí. "Irú yìí ń fẹ́ atẹ́gùn."

"Màámi, ṣé gbogbo atẹ́gùn Òkukù kò tó irú ni?"

"Ó tó irú. Èmi ni kò tó."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́lọmọ á sì máa wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lókèèrè, bí ẹni ń wo ìlú tí wọn kò jẹ́ kó wọ̀.

Oyèwálé a máa fi lẹ́tà pamọ́ sínú aṣọ ọmọ. "Olólùfẹ́ mi àtàtà," ó kọ ọ́ sínú ọ̀kan, "ilé yìí ti tóbi jù fún mi. Mo bu oúnjẹ sí àwo méjì lánàá kí n tó rántí." Kíkẹ́lọmọ ka ìyẹn títí ìwé náà fi fẹ́ẹ́ ya.

Nígbà tí Adéjàre pé oṣù mẹ́sàn-án, lẹ́tà nìkan kọ́ ni Oyèwálé mú wá. Ìyá Òkukù ti lọ fọ irú lódò Ọ̀tìn. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó kó agolo mílíìkì mẹ́rin jáde.

"Èyí ni ọmọ àwọn òyìnbó ń mu," ó ní. "Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n yà sí i lára. Bí Adéjàre bá ń mu èyí, kò nílò ọmú mọ́. Bí kò bá sì nílò ọmú mọ́..." Kò parí rẹ̀.

Kíkẹ́lọmọ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara agolo, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Ti ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ló borí.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ló gbo ewúro, tó fi omi rẹ̀ pa orí ọmú. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ fi ké, tó ń wojú ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, kò wá ọmú mọ́. Kíkẹ́lọmọ wí fún ìyá rẹ̀ pé omi ọmú òun ti gbẹ.

"Ó ṣe gbẹ?" Ìyá Òkukù béèrè. "Ọmọ méje ni mo bí. N kò rí ọmú tó gbẹ láìdágbére rí."

"Ó kàn gbẹ ni, Màámi."

Ìyá Òkukù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò mu ọmú mọ́ ti tú ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ. Òfin àwọn tìkára wọn ni. Wọ́n di ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ fún un, wọ́n pọ́n irú sínú ewé.

"Ẹ̀kuru ni kí o máa sè fún ọmọ, Àbẹ̀kẹ́." Oríkì rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é bí ọ̀rọ̀ bá ká wọn lára. "Bó èèpo ẹ̀wà náà dáadáa. Fọ́ ẹja sí i, kí o fi epo díẹ̀ rẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ nìkan kì í gbé ọmọ dúró."

Ká má parọ́, oṣù àkọ́kọ́ ní Ìkìrun dùn bí oyin. Oyèwálé á ti ilé ìwé dé, á jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá ọlọ, á máa sọ ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe títí omijé ẹ̀rín àti omijé ata á fi pò pọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀wà Ìyá Òkukù wà ní igun yàrá, kòkòrò ti ń lu ú. Oyèwálé ní ẹ̀wà á máa run ọmọ nínú, àti pé ọmọ tíṣà kì í rùn bí irú. Mílíìkì ni Adéjàre ń mu láàárọ̀, ó ń mu ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ó tún ń mu mílíìkì lálẹ́. Kí agolo má baà tètè tán, Kíkẹ́lọmọ ń fi omi là á. Ṣíbí mẹ́ta sí ife omi kan di méjì, méjì di ẹyọ kan, títí ohun inú ife fi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Síbẹ̀ Adéjàre ń kún. Màmá Keziah, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, ló kọ́kọ́ kíyè sí i.

"Ìyàwó Tíṣà, wo bí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ ti rí rọ̀bọ̀tọ̀," wọ́n ní. "Irun rẹ̀ gan-an ti ń pọ́n. Ó ku díẹ̀ kó máa fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó."

Oyèwálé gbé ọmọ sókè, inú rẹ̀ dùn. Irun ọmọ náà ti pọ́n lóòótọ́, ó sì rọ̀ bí irun àgbàdo. Kì í sunkún mọ́. Ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí ni yóò wà, á máa wo ògiri. Wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Nígbà mìíràn, bí Kíkẹ́lọmọ bá ń wẹ̀ ẹ́, àyà rẹ̀ á ṣàdédé já, nítorí ọmọ tó ń sanra yìí fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí agbọ̀n òfìfo. Ṣùgbọ́n bí ohùn Oyèwálé bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù náà á fò lọ.

Ní oṣù kẹta, Ìyá Òkukù dé láìránṣẹ́ síwájú. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n jókòó. Wọn kò bá a ṣeré. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn wọlé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹ̀kọ tútù, kò sì padà sókè.

"Ta ló ní ọmọ yìí sanra?"

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà han tọkọtaya.

"Omi nìyí. Wọ́n kàn fi awọ bò ó ni. Tíṣà, wọ bàtà rẹ. Ìníṣà là ń lọ."

Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ìníṣà nígbà náà, Jọláyẹmí, obìnrin kúkúrú tí ń ra irú lọ́wọ́ Ìyá Òkukù, tó sì mọ ọ̀rọ̀ ọmọdé bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó wo ojú Adéjàre, ó fa irun rẹ̀ díẹ̀, irun náà sì bá a lọ́wọ́ lọ.

"Ìgbà wo ló kúrò lẹ́nu ọmú?"

"Oṣù mẹ́sàn-án," Kíkẹ́lọmọ dáhùn.

"Kí ló dé?"

Ìyá Òkukù yíjú sí i. Oyèwálé ń wo ilẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa, àbúrò," Nọ́ọ̀sì Jọláyẹmí ní. "Bó bá jẹ́ pé ṣe ni ọmú gbẹ fúnra rẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan ń ṣe ìwọ náà, màá sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé ìwòsàn Òṣogbo kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo gbà á lẹ́nu rẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe omi ọmú padà lónìí yìí. Ọmọ yìí kò ní ọjọ́ tí a lè fi tàfàlà."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Kíkẹ́lọmọ bí eegun ẹja. Bó bá sọ ọ́, ìyá rẹ̀ yóò mọ̀ pé nítorí ọkùnrin ló ṣe purọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ lè kú kí wọ́n tó dé Òṣogbo. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, kò gbẹ. Ewúro ni mo fi pa á. Ọkọ mi ni mo ń wá."

Oyèwálé dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀. "Èmi ni mo gbé agolo lọ, Màámi. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Ìyá Òkukù gbé ọmọ mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò le. "Ẹ dìde. Èmi náà ti fẹ́ràn ọkọ rí. Oúnjẹ ọmọ ni ẹ fi ṣe oúnjẹ ìfẹ́ yín, ibẹ̀ ló ti dùn mí."

Kíkẹ́lọmọ jẹ́wọ́ bó ṣe ń fi omi la mílíìkì náà. "Mílíìkì kọ́ ló ṣẹ̀," Nọ́ọ̀sì ní. "Omi tí ẹ dà sí i ló pọ̀, kò sì sí nǹkan gidi míì tó tẹ̀ lé e. Ebi ló ń wú u yìí. Ìyá, kí lẹ fún ìyàwó Tíṣà jẹ ní kékeré, nígbà tí òun náà kúrò lẹ́nu ọmú?"

"Ẹ̀kuru. Ẹja. Ẹ̀gúsí tí mo lọ̀ kúnná. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀."

"Oògùn mi kò ju ìyẹn lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, léraléra ni. Kí ẹ sì fi ẹyin kún un."

Ìyá Òkukù mi orí. "Ibẹ̀ la ti máa yà, Nọ́ọ̀sì. Ọmọdé tó bá mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà."

"Ìyá, èyí kò lè dá jókòó. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ní agbára olè ná."

Wọn kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ wọn lẹ́nu.

Òkukù ni wọ́n kó ìyá àti ọmọ padà sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́ pa Kíkẹ́lọmọ, nítorí pé bí wíwú ara ọmọ ti ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń hàn: apá bí igi ìfọyín, ojú àgbàlagbà.

"Ó ń kú lọ, Màámi."

"Omi ló ń lọ. Ọmọ gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí yìí. Fi ṣíbí sí i lẹ́nu."

Ó ń fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ọmọ ń tutọ̀ rẹ̀ jáde, ó tún ń fi sí i. Láàárín rẹ̀ á gbé e sí ọmú, ọmọ á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á yíjú kúrò nítorí kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá Òkukù ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu, wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọwọ́ ra á láyà. Kò ka lẹ́tà kankan. Ọ̀kan dé láti Ìkìrun, ó fi í sábẹ́ ẹní, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òun Kíkẹ́lọmọ tó ti ka lẹ́tà títí tó fi fẹ́ẹ́ ya.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ẹ̀kuru pẹ́ kó tó jinná. Adéjàre wà lórí ẹní. Ó wo ìkòkò, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì la ẹnu, ó ké. Kì í ṣe ẹkún aláìsàn. Igbe ìbínú ni, igbe ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè oúnjẹ, ó sì gba gbogbo agbo ilé kan.

"Ó ń bú wa," Ìyá Òkukù ní jẹ́jẹ́. "Ẹ ṣeun o, Olúwa. Ó ń bú wa."

Kíkẹ́lọmọ gbé e mọ́ra, òun náà sì bú sẹ́kún. Nígbà tó máa wo ara rẹ̀, iwájú bùbá rẹ̀ ti tutù ní ibi méjì.

Oyèwálé dé ní Sátidé. Kò sẹ́ni tó gbé àpótí sáàárín ẹnikẹ́ni. Ìyá Òkukù gbé abọ́ ẹ̀wà rírẹ fún un, wọ́n sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń bó èèpo rẹ̀. Tíṣà ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀wà nínú omi, èèpo ń lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

"Nọ́ọ̀sì ní títí yóò fi rìn, títí yóò fi máa jẹ ohun tí a bá ń jẹ," Kíkẹ́lọmọ wí fún un. Kò gbójú sókè. "Ó lè tó ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ lè dúró?"

Oyèwálé ṣa èèpo kan kúrò lójú omi. "Mo ti rí ohun tí ìkánjú mi ṣe," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bó ti máa ń rọlẹ̀. "Màá máa wá bó ẹ̀wà."

Nígbà tí ó tó àsìkò rélùwéè, ó kí Ìyá Òkukù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó sì lọ. Kíkẹ́lọmọ gbọ́ tí bàtà rẹ̀ ń dún lọ lójú ọ̀nà. Gbogbo ara rẹ̀ ń fẹ́ bá bàtà náà lọ. Kò dìde. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ti la ẹnu.