Iná Iwájú Ọkọ̀ Bàbá

Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí obìnrin yìí, kó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Ìfẹ́ ló fi ṣe ohun tó ṣe.

Fóònù ló ń tún ṣe. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Ìyá Oníwáyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Bàbá rẹ̀, tó fi iṣẹ́ aago títúnṣe tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà, ń dá gbé nínú ilé oníyàrá méjì kan, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré rẹ̀ ti gba gbogbo tábìlì pálọ̀. Irin tín-ín-rín yí etí tábìlì náà ká. Orí ọkọ̀ dúdú kan, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a máa sáré lórí rẹ̀, á máa kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọ̀rọ̀ ojú Bàbá ló dá wàhálà sílẹ̀. Dókítà ní ojú náà ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sóògùn tó lè dá a padà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Oníwáyà ọkùnrin, tó ń ta símẹ́ńtì ní ìlú mìíràn, ní bí Bàbá kò bá ti ríran mọ́, òun á wá kó ẹrù rẹ̀, òun á sì mú un lọ sọ́dọ̀ òun. Bàbá ní kò sóhun tó ṣe ojú òun, òun kò sì ní kúrò nílé òun. Ìyá Oníwáyà gbà á gbọ́, nítorí pé nígbàkígbà tó bá tan ọkọ̀ náà, Bàbá á na ìka sí i, ìka náà á sì máa bá a yí tábìlì po.

"Ó ti dé ibi fèrèsé," Bàbá á wí. "Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Kò ṣì í rí.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá fojú ara òun rí i. Ni àbúrò bá pinnu pé òun á tún ọkọ̀ náà ṣe, kí Bàbá lè rí i dáadáa, kẹ́nu ẹ̀gbọ́n lè wọhò.

"Èwo ni ti àtúnṣe?" Bàbá bi í. "Bó ṣe wà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn."

"Bàbá, iná iwájú ẹ̀ ò mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ n fi tuntun sí i."

"Mo ní fi í sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá mi. Iṣẹ́ mi kúkú ni."

Olórí kunkun ni. Ó gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí èèpo rẹ̀, ó yọ gílóòbù àtijọ́ tí ooru rẹ̀ ti ń yọ́ rọ́bà, ó fi irú tuntun bíńtín tí kì í gbóná rọ́pò rẹ̀. Ó wá de bóòdù tuntun mọ́ inú ọkọ̀, èyí tí wọn á máa fi rìmóòtù darí. Kó tó fi òjé lẹ wáyà, ó fi téèpù ya ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kúrò lára irin rẹ̀, nítorí bí méjèèjì bá fara kanra, bóòdù á jóná. Bóòdù yìí ń bu iná fún ẹ̀rọ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe gbàgà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó kán òróró sí i. Nígbà tó padà délé Bàbá, ó tún tẹ́ fóòmù sábẹ́ irin orí tábìlì, kó má baà máa gbọ̀n mọ́. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé. Àbúrò gbé rìmóòtù lé e lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wà á, kẹ́ ẹ má baà ní mo ṣe màgòmágó."

Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ náà gbéra kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, iná rẹ̀ mọ́ dé ara ògiri. Bàbá na ìka. Ìka náà dúró sójú kan. Bàbá yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ṣé ẹ ti tan án?"

"A ti tan án, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ìgbà yìí ló tó yé àbúrò: etí ni Bàbá fi ń rí ọkọ̀ yìí látọjọ́ yìí wá, òun sì ti fọwọ́ ara òun pa ohùn rẹ̀. Ó fẹ́ húkọ́, ó fẹ́ fìka kan tábìlì níbi tí ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò. Apá rẹ̀ kò ká a mọ́.

Bàbá kò jáwọ́. Ó ń fi ìka yí tábìlì po bó ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ó ti dé ibi fèrèsé," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n ti dá ọkọ̀ náà dúró. Iwájú Bàbá gan-an ló wà, tí iná rẹ̀ ń tàn sí i láyà.

"Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àbí mo ṣì í?"

Ẹ̀gbọ́n gbé rìmóòtù sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì wọ yàrá Bàbá lọ.

"Ẹ ò ṣì í, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí.

Bàbá ń gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń yọ aṣọ òun kúrò lórí háńgà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó sì gbé ọwọ́ lé itan.