Àlejò Tó Wà ní Makutu

Ọjà Kàbà ni Moses ti pe Agatha sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oníṣòwò ẹ̀pà ni Moses, ó sì tó ọdún mẹ́wàá tó fi ń wọ lọ́rì Lájídé, ọkọ Agatha, kí Lájídé tó kú.

“Ìyá Theresa,” ló wí, kò wojú rẹ̀, “mo rí i. Ní Makutu. Ó ń tún lọ́rì ṣe. Mo pè é lórúkọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó sì wọlé lọ.”

Agatha gbé igbá ata rẹ̀, ó forí lé ilé.

Oṣù keje rèé tí wọ́n ti sin Lájídé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n láti Kàbà dé Odò-Ẹrẹ̀? Bó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, kó tó bọ́ eruku ojú, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ gbé. Àwo kan náà lòun àti àwọn ọmọ ti ń jẹun. Àfi bí ọ̀nà ọ̀fun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Wọ́n lo àgbo, wọ́n lo oyin. Dókítà òyìnbó ló wá sọ pé jẹjẹrẹ ni, ó sì ti pẹ́ lára. Iyán ni kò kọ́kọ́ lè gbé mì mọ́, ẹ̀kọ tẹ̀lé e, ó wá ku omi. Lẹ́yìn náà ohùn lọ. Ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú lọ́rì dé ilé wá ń fi ìka kan pákó ibùsùn bó bá fẹ́ pe ìyàwó. Kò tí ì pé ogójì ọdún tó fi kú, lọ́dún 1956.

Gbogbo ará Kàbà ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkúdàáyà: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì pé, tó kú níbì kan, tó tún lọ fìdí kalẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n sì mọ ìyókù: bí ará ilé rẹ̀ bá fojú kàn án, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò rí i mọ́ láyé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Agatha fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Bó ti ń lọ ata, ó ń gbọ́ ìka tó ń kan pákó. Ó gbé ibùsùn náà jáde sínú oòrùn, síbẹ̀ kò dákẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gúnyán, ó fi ewé wé e, ó sọ fún Theresa, àkọ́bí rẹ̀, pé òun ń lọ kí ẹbí, ó sì wọkọ̀ lọ sí Makutu.

Ìyá arúgbó kan jókòó níwájú ilé tí Moses júwe, ó ń ran òwú.

“Okun o, ìyá,” Agatha kí i.

“Okun, ọmọ mi. Ta lò ń wá?”

“Wọ́n ní awakọ̀ kan wọ̀ sílé yín.”

“Ó wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dé. Kò sọ ìlú rẹ̀ fún wa, àwa náà ò sì bi í. Jẹ́ n pè é wá.”

“Ẹ má pè é!” Kí Agatha tó mọ̀, ó ti di ìyá lọ́wọ́ mú.

Lẹ́yìnkùlé, irin ń kan irin. Ó dákẹ́. Ọkùnrin kan wúkọ́, ó sì ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Agatha tẹ́tí títí, orin náà kò ròkè tó kéèyàn fi dá ohùn mọ̀. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ láti ibi tó dúró sí dé igun ògiri.

“Ìyá, ṣé ó ń jẹun?”

“Jẹun kẹ̀! Iyán tó ń dá jẹ, ọkùnrin méjì ò lè jẹ ẹ́ tán.”

“Ó ń gbé e mì dáadáa?”

Ìyá arúgbó gbé òwú sílẹ̀, ó wò ó. “Ó ń gbé e mì, ọmọ mi.”

“Ohùn rẹ̀ ńkọ́?”

“Bó bá pe èèyàn níbí, wọ́n á gbọ́ lọ́jà. Ta ni kí n sọ fún un pé ó wá?”

Agatha ti gbé ẹsẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ àjèjì lásán ni, Lájídé kú tán nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ Lájídé ni, òun Agatha ni yóò pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ó fa ẹsẹ̀ náà padà, ó gbé iyán lé ìyá lọ́wọ́.

“Ẹ fún un. Ẹ má sọ pé ẹnì kankan wá.”

Nígbà tí ọkọ̀ tó wọ̀ padà ń kọjá níwájú ilé náà, ó fi gèlè bojú.

Ní ìparí oṣù náà, Hezekiah, olùkọ́ ìjọ, ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ orúkọ àwọn òkú tí wọn yóò gbàdúrà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Agatha ka ti bàbá rẹ̀ fún un, ó ka ti ìyá rẹ̀, àti ti àbúrò rẹ̀ tí ibà pa.

“Lájídé ló kàn,” Hezekiah wí, ó ti fi pẹ́ńsù lélẹ̀ lórí ìwé.

Theresa gbójú sókè. Agatha kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà.

“Ẹ má tí ì kọ ìyẹn,” ló wí.